Bíà Tí Màmá Àgbà Ń Yàn fún Bàbá Hẹ́mánì

Láti ọjọ́ tí Màmá Àgbà ti papòdà, kò sí ẹni tó wá kí wa ní Openshaw, ní Manchester níbí, tí kò sọ fún mi pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Màá ní, "Ẹ ṣé o, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín," màá sì wolẹ̀. A kì í bá ẹni tó wá kí ni kú àṣẹ̀yìndè jiyàn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni. Màmá Àgbà kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Alágídí paraku ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ọmọ bíbí inú wọn tó lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, wọ́n sì ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ikú ò ní kí alágídí má bí ọmọ-ọmọ ẹ̀ nínú mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ló ń fa ìbínú náà. Ẹlòmíì á jogún ilé, ẹlòmíì á jogún ìlẹ̀kẹ̀. Èmi Tọ́pẹ́ jogún yíyan bíà Jámánì. Màmá Àgbà, tí í ṣe ìyá àdúrà, tí kì í mutí, ni wọ́n ń yan bíà lọ́dọọdún fún àríyá ìgbà ìwọ́wé nínú pálọ̀ wa, wọ́n sì lọ láì kọ́ mi débi tó yẹ.

Mọ́mì mi, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ni wọ́n bẹ Màmá Àgbà pé kí wọ́n wá bá àwọn wẹ àbúrò mi. Màmá Àgbà wá wẹ ọmọ, wọn ò sì padà sí Ìjẹ̀bú mọ́. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ wọn níbí, Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, èmi wà ní iléèwé, Màmá Àgbà gbé ìdọ̀tí jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ wọn síta. Yìnyín ń bọ́. Wọn ò mú fóònù dání, òyìnbó tó wà lẹ́nu wọn nígbà yẹn kò sì tó fi pe èèyàn. Bàbá Hẹ́mánì tó ń gbé ilé kejì ló rí wọn láti ojú fèrèsé. Ará Jámánì ni bàbá yìí. Ìgbà èwe ló ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Openshaw. Ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ìyàwó ẹ̀ kú, òun nìkan ló ṣẹ́ kù sínú ilé. Ó mú Màmá Àgbà wọlé, ó gbé hítà sí wọn lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun fún wọn bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé. Nígbà tí Mọ́mì máa fi dé, Màmá Àgbà ti sùn lọ lórí àga, àbúrò mi sì wà lórí itan bàbá, ó ń fa irùngbọ̀n ẹ̀. Mọ́mì dúpẹ́ títí. Bàbá ní kò tó nǹkan. Màmá Àgbà ò gbà pé kò tó nǹkan. Wọ́n ní, "Ẹni tó kúnlẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi, mi ò lè máa wò ó níran."

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́dún yẹn ni wọ́n rí bàbá tó jókòó sẹ́yìnkùlé ẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n ki ìyẹ́ bọ̀ létí àti ìgò bíà kan ṣoṣo níwájú ẹ̀, nínú òjò winniwinni. Wọ́n ní kí n lọ bi í ohun tó dé. Mo bi í. Bàbá ní ọdún bíà ni wọ́n ń ṣe nílé àwọn lásìkò yìí, pé àwọn èèyàn máa ń pé jọ sábẹ́ àgọ́ ńlá, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á dì mọ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa kọrin. Òun àti ìyàwó òun ló máa ń ṣe é níbí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, òun kàn ń rántí ẹ̀ ni. Mo padà wá ròyìn fún Màmá Àgbà. Wọ́n gbé ọmọ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnì kan kì í dá ọdún ṣe. Lọ sọ fún un pé ilé wa ni lọ́jọ́ Sunday."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mu bíà rí ló fẹ́ lọ ra bíà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Harpurhey, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n rí ìgò dúdú tí wọ́n kọ èdè Jámánì sí lára, tí wọ́n ya ife tó ń hó sí, wọ́n sì gbé odindi páálí kan wálé. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn là. "Áà! Àṣé mọ́ọ̀tì ni bíà! Kí wá ni Pásítọ̀ ń lé wa sá fún láti ọjọ́ yìí?" Mọ́mì gba ìgò wò, wọ́n sì di ẹ̀yìn àga mú kí ẹ̀rín má baà gbé wọn ṣubú. Mọ́ọ̀tì ni lóòótọ́. Irú èyí tí a máa ń gbé fún àwọn tí kì í mutí níbi ìkómọ ni Màmá Àgbà lọ rà fún ará Jámánì lọ́jọ́ ọdún bíà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ti tì nítorí ọjọ́ Sunday ni, bàbá sì ti ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà oníyẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó mu ún. Ó ní ohun tí ìyá òun ń fún òun nìyí ní kékeré bí ara òun kò bá yá. Ó tún gba ìgò mìíràn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi Màmá Àgbà. Nígbà tí bàbá lọ tán, wọ́n ní, "Mo pe àgbàlagbà wá ṣọdún, mo fún un ní ohun mímu ọmọdé. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Kò ṣẹlẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo jìyà ẹ̀. Láti ọdún kejì ni wọ́n ti ń mú mi dání bí wọ́n bá ń lọ ra bíà, nítorí èmi ni mo lè ka ìwé ara ìgò. Ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí kan ní Old Trafford ni wọ́n yàn láàyò. Bọ́ọ̀sì méjì ni láti ilé wa, wọn kì í sì í béèrè bóyá wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti dúró láàárín àwọn tó ń kọrin bọ́ọ̀lù, tí mo di páálí bíà mọ́ àyà, tí ọkùnrin kan á sì máa na ọwọ́ sí i pé èló ni mò ń tà á. Màmá Àgbà á rọra gbá a lọ́wọ́ kúrò. Òun náà á sì ní, "Sorry, Mum."

Adẹ́mu ni bàbá tó bí wọn, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú. Ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ adẹ́mu ni wọ́n fi ń yan bíà Jámánì, ì báà bá a mu, ì báà má bá a mu. Oòrùn kò gbọdọ̀ rí ẹmu bàbá wọn, nítorí náà wọn kì í fọwọ́ kan bíà inú ìgò funfun, wọn kì í sì í mú ìgò tó bá wà nítòsí fèrèsé. Wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lọ sẹ́yìn lọ mú èyí tó ṣì wà nínú páálí. Ọmọkùnrin náà á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Èmi á túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, ojú á sì ti máa tì mí. Wọ́n á ní, "Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tí kò fẹ́ lọ mú tẹ̀yìn wá?"

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Gbogbo agolo inú ṣọ́ọ̀bù lásìkò yẹn ló máa ń wọ aṣọ ọdún Jámánì, wọ́n á ya àgọ́ sí i, wọ́n á ya obìnrin tó gbé ife mẹ́wàá dání sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka lẹ́tà tíńtín tó wà nísàlẹ̀, màá rí i pé ìlú òyìnbó níbí ni wọ́n ti pọn ọ́n. Màmá Àgbà á dá a padà sórí pẹpẹ bí ẹni tí ohun gbígbóná jó lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Ó wọ aṣọ ìyàwó, kì í ṣe ìyàwó." Kí a tó rí èyí tó jẹ́ ìyàwó, ẹsẹ̀ mi á ti máa dùn mí, ebi á ti máa pa mí.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wálé. Èyí tó pọ́n bí epo tuntun, tí àwọn ará Jámánì máa ń pọn nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n á sì fi pa mọ́ di ìgbà ìwọ́wé. Èyí tí wọ́n fi àlìkámà pọn, tó rú, tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Àti èyí tó dúdú. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n gbìyànjú bíà tuntun kan tí wọ́n fi máńgòrò sí. Màmá Àgbà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sọnù. Wọ́n ní, "My son, na beer I say. I no say juice." Wọ́n sì fi orúkọ Jésù bẹ̀ mí pé kí n má túmọ̀ nǹkan kan kún un.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé ẹni tó mọ èyí tó dáa ń gbé ilé kejì. Mo bi wọ́n lórí bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, inú ń bí mi, páálí ń bẹ lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Màmá Àgbà, kí ló dé tí a ò kàn bi Bàbá Hẹ́mánì léèrè èyí tí wọ́n fẹ́? Wọ́n á kàn sọ fún wa, á sì tán." Wọ́n yíjú sí mi bí ẹni pé mo ṣépè. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n máa ń bi àlejò pé ẹran mélòó lo fẹ́ jẹ ni?"

Ẹ má rò pé ara Màmá Àgbà àti bàbá náà balẹ̀ síra wọn. Ìjà ni wọ́n ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún kan, bàbá gbé ife tí wọ́n bu bíà sí, ó wò ó, ó rí i pé kò hó. Ó ní ọṣẹ tí wọ́n fi fọ ife ló pa ìhó ẹ̀. Ó dìde, ó kó gbogbo ife wa lọ sí ilé ìdáná, ó ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi lásán ṣan wọ́n. Màmá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ lẹ́yìn. Àlejò ń fọ ife onílé nínú ilé onílé! Wọ́n ní, "Tọ́pẹ́, sọ fún un pé bó bá fọ ife tán, kó wá fọ ẹsẹ̀ mi náà." Mo sọ fún bàbá pé wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́.

Ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tún wá burú jù. Bí wọ́n ṣe ń bu ẹmu ni Màmá Àgbà ṣe ń bu bíà alálìkámà, wọ́n á rọra da omi òkè, wọ́n á sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bàbá á gba ìgò lọ́wọ́ wọn, á yí i gbirigbiri lórí tábìlì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dìde, á sì dà á pọ̀ mọ́ ti inú ife. Ó ní ibẹ̀ ni adùn wà. Màmá Àgbà ní kò sí bí àwọn ṣe máa fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe àlejò. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń fa ìgò yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí àwọn aládùúgbò yòókù tó máa ń wá síbi àríyá náà á jókòó máa wò wọ́n, tí wọ́n á máa jẹ adìẹ díndín. Bàbá á ní obìnrin yìí le o. Màmá Àgbà á ní, "Òun náà ò rọ̀."

Mọ́mì ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Díkónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ìjọ wa, ìgò bíà nínú ilé díkónẹ́ẹ̀sì sì ni ẹ̀rí tí Sátánì ń wá. "Màámi, kí la fẹ́ sọ bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbọ́? Èmi deaconess, ẹ̀yin ìyá àdúrà!" Màmá Àgbà á ní kí wọ́n gbé ata wá. Nǹkan tó tún ń bí Mọ́mì nínú ni àṣà kan tí Màmá Àgbà kò jẹ́ fi sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn adẹ́mu, ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí àlejò lè fojú ara ẹ̀ rí i pé ohun tó wà nínú igbá kò ní pa òun. Nítorí náà, gbogbo ìgò tí wọ́n bá ṣí fún Bàbá Hẹ́mánì, Màmá Àgbà á da díẹ̀ sínú ife kékeré kan, wọ́n á dìde dúró, wọ́n á wo ojú bàbá, wọ́n á sì gbé e mì. Ojú wọn á fún pọ̀ bí ẹni tó mu àgbo ibà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bu ti bàbá. Mọ́mì ní, "Ta ló fẹ́ fún bàbá yìí ní májèlé ní Manchester níbí? Bíà tí wọ́n dé lómọrí ní factory!" Màmá Àgbà ní, "Èmi ni mo ṣí i."

Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Pásítọ̀ wa yà wá kí wa láì fóònù tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ àríyá gan-an ni. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń wọlé tó ń jáde, Pásítọ̀ sì wọlé bí ọmọ ilé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni ìyá àdúrà ìjọ wọn, tó dúró ṣánṣán láàárín pálọ̀, tí ife wà lẹ́nu ẹ̀, tí ìgò bíà sì kún orí tábìlì. Pásítọ̀ ò pariwo. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ kú ìgbádùn o," wọ́n sì yí padà.

Àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pe Màmá Àgbà lọ́sẹ̀ kejì. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò le. Wọ́n ní kí wọ́n dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi kan, kí wọ́n tọrọ ìdáríjì, kí ọ̀rọ̀ parí. Mọ́mì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà. "Màámi, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ kàn tọ́ ọ wò ni. Ẹ ò parọ́! Àṣà yín ni. Wọ́n á gbọ́." Màmá Àgbà wọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Mọ́mì tí wọ́n bá wọn débẹ̀ ló ròyìn bó ṣe lọ fún mi. Àwọn àgbà ìjọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní láti sọ. Màmá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ rí ni mo ṣe." Wọn ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Bí wọ́n ṣe gba ipò ìyá àdúrà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n fún ẹlòmíì ní àga wọn níwájú. Màmá Àgbà bọ́ sẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé nígbàkigbà tí ẹni tó pẹ́ dé bá ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí títí wọ́n fi kú, wọn ò sì pa ọjọ́ ìsinmi kan jẹ. Àríyá bíà náà, wọn ò pa á jẹ.

Mi ò lè fara mọ́ ọn. Mo bá wọn jà lórí ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Màmá Àgbà, gbólóhùn kan péré ni! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ kàn tọ́ ọ wò?" Wọ́n ṣa òkúta kan kúrò, wọ́n sọ ọ́ nù. Wọ́n ní, "Bí mo bá sọ pé mo kàn tọ́ ọ wò ni, mo ti sọ pé ohun burúkú ni mo gbé fún bàbá yẹn mu. Ṣé ohun tí kò yẹ ẹnu mi ló wá yẹ ẹnu àlejò mi?"

Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló ń mi orí pé ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ọgbọ́n ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí Màmá Àgbà ni afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ń fẹ́ sí, èmi ni mo sì ń po omi ataare àti oyin fún ikọ́ wọn. Inú bí mi nígbà yẹn, inú ṣì ń bí mi.

Nígbà òtútù tó kọjá ni wọ́n lọ. Ìjọ bá wa sin wọ́n dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà Ìkórè lọ́dọọdún, ìjọ wa máa ń ka orúkọ àwọn ìyá ìjọ tó ti sùn, ohun kan ṣoṣo tí Mọ́mì sì ń tọrọ ni pé kí wọ́n ka orúkọ ìyá àwọn mọ́ wọn. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n ti dá Màmá Àgbà padà sípò. Pásítọ̀ wá sílé wa lọ́sẹ̀ méjì sí Ìkórè ọdún yìí. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Wọ́n ní, "Deaconess, a ti gbàdúrà sí i. A máa ka orúkọ Màmá. Àwọn àgbà ìjọ kàn ní kí n bẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ bíà yẹn parí pẹ̀lú Màmá. A gbọ́ pé ọjọ́ Ìkórè gan-an lẹ tún fẹ́ ṣe é. It will not speak well." Mọ́mì mi orí, wọ́n sìn wọ́n jáde. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Tọ́pẹ́, o gbọ́."

"Mo gbọ́, Mọ́mì. Bàbá Hẹ́mánì ti bi mí bóyá a máa ṣe é, mo sì ti ní kí wọ́n máa bọ̀."

"Sọ fún un pé ó di next month."

"Ọdún wọn á ti parí ní next month, Mọ́mì. Ṣé ẹ ò rí bàbá yẹn? Fúrémù arúgbó ló fi ń rìn. Ta ló mọ next year?"

"Orúkọ ìyá mi ni mò ń sọ! Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, iwájú ni mo jókòó sí, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń húkọ́ lẹ́yìn mi. Jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Please, Tọ́pẹ́."

Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí dé egungun. Síbẹ̀, mo lọ ra bíà náà.

Ẹ wá wo ìyà lójú ọ̀nà Old Trafford. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni, àfi bíi pé Màmá Àgbà ló bá mi mú ọjọ́. Ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ti lọ, ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ó ní èyí tó pọ́n yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́, pé èyí tó mọ́ gaara bí omi oyin ni gbogbo èèyàn ń béèrè báyìí, àní ní Jámánì pàápàá. Mo ní èyí tó pọ́n ni mo fẹ́. Ó mú ọ̀kan wá, mo ka lẹ́tà tíńtín, ìlú òyìnbó níbí ni wọ́n ti pọn ọ́n. Ó mú òmíràn wá, ìgò ẹ̀ funfun. Ìkẹta, mi ò rí àléébù kankan lára ẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dáa. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè béèrè lọ́wọ́ Màmá Àgbà, ìyá òyìnbó kan tó ń wá wáìnì ni mo rí. Mo bínú sí ìgò, mo bínú sí òṣìṣẹ́ náà tí kò ṣẹ̀ mí, mo bínú sí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan yìí tó sì lọ sùn sínú ilẹ̀. Omi ń dà lójú mi níwájú pẹpẹ bíà bí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Mo gbé oríṣi mẹ́ta nígbẹ̀yìn. Ó dá mi lójú pé ọ̀kan nínú wọn kò dára, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo ni.

Mọ́mì rí àwọn páálí náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, Pásítọ̀ fóònù. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń sọ pé, "Rárá, sà. Ó ti rà á, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n wé gèlè wọn, a sì wọ mọ́tò. Mo tẹ̀ lé wọn nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n nìkan jókòó síbẹ̀.

Isu, ẹ̀pà, bàtà ọmọdé àti agolo tòmátì ló kún iwájú pẹpẹ ìjọ. Akọ̀wé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ìyá tó ti sùn. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìjọ á dáhùn pé, "A dúpẹ́." Mo mọ ibi tó yẹ kí tiwa ti jáde. Akọ̀wé kọjá níbẹ̀. Ó parí, ó jókòó. Pásítọ̀ ní kí a tẹrí ba fún àdúrà, ojú wọn kò sì wá sọ́dọ̀ wa.

Mọ́mì dìde dúró. Mi ò rí kí Mọ́mì sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí láìjẹ́ pé wọ́n gbé máìkì fún wọn.

"Ẹ fo orúkọ kan."

Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Deaconess, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ after service."

"Dọ́káàsì Àbẹ̀kẹ́ Ọdẹ́yẹmí," ni Mọ́mì wí.

Wọ́n dúró. Ìjọ ń wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Mọ́mì dúró síbẹ̀ títí ó fi yé gbogbo wa pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n fúnra wọn ní, "A dúpẹ́," wọ́n sì jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú báàgì.

"Ṣé o gbé bíà yẹn sínú fìríìjì?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní rárá.

"Ó yá, dìde," ni wọ́n wí. "A ní àlejò."